Bí Oògùn Oko Bá Pa Yín Lára ní Ṣábẹ̀: Bí A Ṣe Ń Kó Ẹ̀rí Jọ Ká Tó Lè Gba Owó Gbà-máà-bínú

Ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń fín sí òwú, sóyà àti ìdí kajú lágbègbè Ṣábẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ kì í pẹ́ nínú ara. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti bá ìtọ̀ lọ. Ilé ẹjọ́ ní tirẹ̀ kì í yára: oṣù á gorí oṣù kí adájọ́ tó béèrè pé kí ló ṣe yín gan-an. Ibi tí ẹjọ́ oògùn ti yàtọ̀ sí ẹjọ́ ilẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ kò lọ ibì kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí oògùn ń sá lọ ní wákàtí wákàtí, ẹni tí kò bá tètè mú un kò ní rí nǹkan kan gbé síwájú adájọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Ohun tí a kọ síbí wà fún àgbẹ̀ tí oògùn oko aládùúgbò fẹ́ bá, fún alágbàṣe tí wọ́n gbé póńpù kọ́ lẹ́yìn láìsí ìbọ̀wọ́, àti fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ mu ohun tí wọ́n rọ sínú ìgò omi. Ará Kétu àti ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) náà lè lò ó. Ilé ẹjọ́ tí wọ́n máa gbà lọ nìkan ló yàtọ̀.

Ohun mẹ́rin tí adájọ́ ń wá

Òfin tí ẹ máa gùn lé ti pẹ́. Òun ni Code civil, ìwé òfin ẹ̀tọ́ ará ìlú tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Faransé, abala 1382 àti 1383: ẹni tó bá pa ẹlòmíràn lára nípa àṣìṣe tàbí àìkíyèsára gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Abala 1384 fi kún un pé ènìyàn ń dáhùn fún ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ó sì ń dáhùn fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe gbàgbé eléyìí, nítorí ohun tí olóko sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, “Alágbàṣe ló fín in, kì í ṣe èmi.”

Ẹ gbọ́dọ̀ lè fi hàn irú oògùn tó jẹ́, pé ó dé ara yín tàbí omi yín tàbí ẹran ọ̀sìn yín, pé òun ló fa àìsàn náà, àti ọwọ́ ẹni tó ti wá. Ìkẹta nínú wọn ló ń pa ẹjọ́ jù. Agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ kejì kì í jiyàn pé ẹ ṣàìsàn. Á ní ibà ni. Á ní ọtí ni, tàbí oúnjẹ àná. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ìdáhùn sí i ni.

Wákàtí àkọ́kọ́

Ẹ̀mí ṣáájú ẹ̀rí. Ẹ bọ́ aṣọ tí oògùn kàn kúrò lára ẹni náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, títí kan irun, abíyá àti abẹ́ èékánná. Bó bá wọ ojú, ẹ máa da omi tó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bó bá jẹ́ pé ó gbé e mì, ẹ má ṣe fipá mú un bì, ẹ má sì fún un ní epo pupa tàbí wàrà. A mọ̀ pé epo pupa ni ọ̀pọ̀ ilé ń sáré gbé, ṣùgbọ́n oògùn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀rá ló ń bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ kíákíá, epo tí wọ́n bá sì bì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Aṣọ tí ẹ bọ́ yẹn, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́. Ẹ fi bébà álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi ń di ẹja sísun wé e, kí ẹ tó kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó pa, kí ẹ sì kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́ sí i lára. Kó má ṣe wà nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ ti fi ọ̀rá bọ ọwọ́.

Kí ẹnì kan nínú ẹbí dúró lẹ́yìn láti wá ìgò oògùn náà, kí àwọn yòókù máa gbé aláìsàn lọ. Ìgò yẹn ni dókítà nílò láti mọ ìtọ́jú, òun náà sì ni adájọ́ máa nílò.

Ní ilé ìwòsàn: ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n kọ sílẹ̀

Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Orúkọ tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ bá ti inú páálí ìdánimọ̀ mu, lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ìyá Bísí ni gbogbo àdúgbò mọ̀, ṣùgbọ́n bí ìwé ANIP (àjọ ìdánimọ̀ ìjọba) bá ń jẹ́ orúkọ mìíràn, agbẹjọ́rò tó gbọ́n á ní aláìsàn yìí kọ́ ló pẹjọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ dókítà pé kó kọ àmì tó rí àti wákàtí tó rí i. “Intoxication” lásán kò tó. Àmì oògùn kòkòrò irú organophosphate hàn gbangba: ọmọlójú á sún kì bí orí abẹ́rẹ́, itọ́ á máa dà, omi á máa jáde lójú, òógùn á bo ara, iṣan á máa fò lábẹ́ awọ, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì á tẹ̀ lé e. Ibà kì í sún ọmọlójú kì. Bí dókítà bá kọ gbólóhùn kan péré lórí ọmọlójú, ó ti pa ẹnu mọ́ ẹni tó fẹ́ sọ pé ibà ni. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ibà, kí èsì rẹ̀ wà lórí ìwé. Èsì tó ní kò sí ibà tún wúlò fún ẹjọ́ ju ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí lọ.

Àyẹ̀wò tó yẹ kí ẹ béèrè fún ni ti cholinesterase, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí oògùn irú organophosphate máa ń fà wálẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ máa ń bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ń rìn díẹ̀díẹ̀, bí ìdá 1 nínú 100 lóòjọ́, tó fi lè gba nǹkan bí oṣù 3 tàbí 4. Ohun tó ń ṣòro ni pé àgbẹ̀ kò ní èsì àtijọ́ tí wọ́n máa fi wé tuntun, ìwọ̀n tó sì wà lára ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ tún padà lọ ṣe é lẹ́yìn oṣù 3, ní ilé àyẹ̀wò kan náà, pẹ̀lú ọ̀nà kan náà. Bí ti oṣù kẹta bá ga ju ti ọjọ́ kìn-ín-ní lọ dáadáa, ara yín fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí pé nǹkan kan ti fà á wálẹ̀. Àìmọye ènìyàn ni kì í padà lọ ṣe ìkejì yìí nítorí pé ara wọn ti yá.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ni cholinesterase ń mú o. Kò wúlò fún glyphosate, kò wúlò fún àwọn pyrethroid bíi lambda-cyhalothrin, kò sì wúlò fún paraquat. Ìtọ̀ ni kí ẹ tọ́jú fún wọn, ní ọjọ́ kìn-ín-ní, nínú ike mímọ́, kí wọ́n gbé e sínú fíríìsà ilé àyẹ̀wò. Bí dókítà bá mọ ohun tó wà nínú ìgò, á mọ èyí tó yẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹnì kan wá ìgò.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ gba ìwé dókítà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní certificat médical initial, kí iye ọjọ́ tí ẹ kò ní lè ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí ara bá ti yá tán, tàbí tó ti dúró síbi tí kò ní kọjá mọ́, ẹ padà lọ gba èkejì, certificat de consolidation. Láìsí ìkejì yìí, kò sí bí adájọ́ ṣe máa mọ ohun tó ṣẹ́ kù lára yín: ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ojú tó ṣókùnkùn, èémí tí kò délẹ̀.

Bí ẹni náà bá kú, ọ̀rọ̀ le. Mùsùlùmí kì í fẹ́ kí òkú sùn, ìdílé Kìrìsìtẹ́nì náà kì í fẹ́ kí wọ́n la òkú. A kò ní kí ẹnikẹ́ni tẹ ẹ̀sìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìsìnkú tó wáyé, ẹ sọ fún kọmisáríà kí procureur, agbẹjọ́rò ìjọba, lè gbọ́ kó sì pàṣẹ pé kí dókítà yẹ òkú wò. Bí kò bá sí àyè láti là á, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, kí dókítà sì kọ ohun tó rò pé ó fa ikú. Lẹ́yìn ìsìnkú láìsí ọ̀kankan nínú wọn, ẹjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkú wọlẹ̀.

Ìgò, omi àti ilẹ̀

Ẹ ya fọ́tò ìgò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí ẹ ń wá lára rẹ̀ ni orúkọ ọjà, orúkọ oògùn gan-an tí wọ́n ń pè ní matière active, iye gíráàmù nínú lítà kan, nọ́ńbà ìyọ̀ǹda, nọ́ńbà lot, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti orúkọ ẹni tó kó o wọ̀lú. Òfin 91-004 ti ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1991 ló de oògùn oko ní Bẹ̀nẹ̀: ohun tí ìjọba kò fọwọ́ sí kò yẹ kó wọ ọjà. Bí ìwé ara ìgò bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tí kò sì ní nọ́ńbà ìyọ̀ǹda, ó ṣeé ṣe kó gba ẹnubodè Kétu wọlé láìgba àṣẹ, àṣìṣe ẹni tó tà á sì ti yọjú láìjẹ́ pé ẹ ṣe wàhálà púpọ̀. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti fòfin de paraquat láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Endosulfan, tí àwọn olóko òwú mọ̀ bí ẹni mowó, ti wọ inú àkọsílẹ̀ àdéhùn Stockholm láti ọdún 2011 gẹ́gẹ́ bí ohun tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ẹni tó bá ṣì ń tà á lónìí kò ní àwáwí.

Bí wọ́n bá rọ oògùn sínú ìgò omi tàbí bídọ́ọ̀nù kékeré láìkọ nǹkan kan sí i lára, ẹ má ṣe da èyí tó kù nù, ẹ má sì rọ ọ́ sínú nǹkan mìíràn. Àwọn tó ń tà á lábẹ́ igi ní ọjọ́ ọjà kì í fúnni ní ìwé. Ẹ wá ẹni méjì tó ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà ní ọjọ́ kan náà.

Fún omi kànga tàbí odò, ìgò gíláàsì aláwọ̀ ilẹ̀ tó gba lítà 1 ni ẹ nílò, kì í ṣe ike, nítorí oògùn mìíràn ń lẹ̀ mọ́ ike. Ti paraquat nìkan ló yàtọ̀: gíláàsì ló ń lẹ̀ mọ́, ike ni kí ẹ lò fún un. Ẹ rọ omi náà kún ìgò dé ẹnu, ẹ dé e, ẹ fi sínú kúlà tó ní omi dídì, kó tó bí ìwọ̀n 4 °C. Kó dé ilé àyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ bu ìkejì níbi tí oògùn kò dé, bíi kànga tó wà lókè, lọ́nà tí ẹ gbà bu ti àkọ́kọ́. Èsì tí kò ní ohun tí a máa fi wé e kò lágbára. Fún ilẹ̀, ẹ bu èyí tó wà lókè pátápátá, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ní ojú ibi 5 sí 10, ẹ pò wọ́n pọ̀. Laboratoire central de sécurité sanitaire des aliments ní Kútọnu wà lára àwọn tó ń yẹ ìyókù oògùn oko wò. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà àti bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ gbé e wá kí ẹ tó gbéra.

Ewé máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó la ẹnu. Paraquat ń jó ewé láàárín wákàtí mélòó kan. Glyphosate lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ewé tó pọ́n. Nítorí náà, fọ́tò ọjọ́ kìn-ín-ní nìkan lè fi oko tútù han adájọ́. Ẹ tún yà á ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 14, láti ojú ibì kan náà, kí ààlà oko méjèèjì hàn. Ẹ kọ apá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ní wákàtí tí wọ́n fín in.

Huissier

Ẹ̀rí tí ẹ fúnra yín kó jọ, ẹgbẹ́ kejì á ní ẹ̀yin lẹ da oògùn sínú omi ara yín. Iṣẹ́ tí huissier, òṣìṣẹ́ òfin tó ń jẹ́rìí sí nǹkan tó sì ń jíṣẹ́ ilé ẹjọ́, ń ṣe nìyí: á wá síbẹ̀, á kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, á wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bu omi, á di ìgò pa, á sì fi èdìdì sí i. Constat ni wọ́n ń pè é. Ó lówó lórí, ẹ sì gbọ́dọ̀ dúnàá-dúrà kó tó gbéra, kí owó ìrìnnà wà nínú àdéhùn. Bí owó kò bá tó, ẹ pe baálẹ̀, olùdámọ̀ràn arrondissement àti ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí yín, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé kan lójú ibẹ̀. Kò lágbára tó ti huissier, ṣùgbọ́n ó sàn ju òfo lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbé ìgò fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí. Bí okùn yẹn bá já níbì kan, èsì ilé àyẹ̀wò di ìwé lásán.

Lẹ́tà, ààfin àti owó tí wọ́n fẹ́ fi pa yín lẹ́nu mọ́

Kí ẹ tó pẹjọ́, ẹ kọ̀wé. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí ní Yorùbá kí akọ̀wé tó yí i sí Faransé:

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ní ọjọ́ báyìí, láàárín agogo 7 sí agogo 9 òwúrọ̀, wọ́n fín oògùn ní oko yín tó bá tèmi pààlà. Atẹ́gùn gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi àti ọmọ mi méjì la dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà. Mo bẹ̀ yín kí ẹ sọ orúkọ oògùn náà fún mi, kí ẹ má ṣe sọ ìgò rẹ̀ nù, kí ẹ sì jẹ́ ká jókòó sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 8.”

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀sùn tó kọjá ohun tí ẹ lè fi hàn. Gbólóhùn tó wúlò jù ni ti ìgò. Bí ó bá sọ ìgò nù lẹ́yìn tí ó gba lẹ́tà yìí, adájọ́ á fẹ́ mọ ìdí. Ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ huissier, tàbí kí ó fọwọ́ sí ẹ̀dà kan pé òun gbà á.

Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé baálẹ̀ tàbí sí ààfin. Kò burú rárá. Aládùúgbò lẹ jẹ́, ọ̀la ṣì ń bọ̀, àwọn àgbà sì máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ilé ẹjọ́ máa fi ọdún mẹ́ta lé kiri. Ṣùgbọ́n kí akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tó máa kọ ọjọ́, àwọn tó wá, àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà pé òun ṣe. Bí wọ́n bá fún yín ní owó ilé ìwòsàn, ẹ gbà á, kí ìwé sì sọ pé ìrànlọ́wọ́ ni: “sous réserve de tous mes droits”, ìyẹn ni pé ẹ kò tíì fi ẹ̀tọ́ yín kankan sílẹ̀. Gbólóhùn méjì ló yẹ kó ta yín jí bí wọ́n bá gbé ìwé wá: “pour solde de tout compte” (gbogbo owó ti parí) àti “renonce à toute poursuite” (mi ò ní pẹjọ́ mọ́). Àdéhùn tó bá ní irú èyí nínú, tí ẹ fọwọ́ sí tàbí tẹ ìka sí, ní agbára ìdájọ́ tó ti parí láàárín yín, ní ìbámu pẹ̀lú abala 2044 àti 2052 Code civil. Ẹ̀gbẹ̀rún lọ́nà ogójì sẹ́fà lónìí lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀dọ̀fóró tó máa bàjẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí àdéhùn ìparí kí ẹ tó gba certificat de consolidation.

Ilé ẹjọ́ wo?

Ará Ṣábẹ̀ ń lọ sí tribunal de première instance, ilé ẹjọ́ ìpele àkọ́kọ́, tó wà ní Savalou. Ará Kétu ń lọ sí Pobè. Ará Àjàṣẹ́ ní tirẹ̀ nílé.

Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. Ti ọ̀daràn ni kí ẹ mú ẹ̀sùn lọ sí kọmisáríà tàbí sọ́dọ̀ procureur, lórí ìpalára láìmọ̀ọ́mọ̀ tó wà nínú Code pénal (ìwé òfin ọ̀daràn) ọdún 2018 tàbí lórí òfin àyíká, loi-cadre 98-030 ti ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1999, kí ẹ sì sọ pé ẹ jẹ́ partie civile, ìyẹn ni pé ẹ ń béèrè owó nínú ẹjọ́ náà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọlọ́pàá ló máa wá oníṣòwò náà, tí wọ́n á gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé bí procureur bá pa á tì, ó dúró, àsìkò tó sì ní kúrú ju ti ẹjọ́ ẹ̀tọ́ lọ. Ẹ̀sùn tí ẹ kò kọ gbólóhùn partie civile sí, wọ́n lè fìyà jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ kí ẹ má rí kọ́bọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ẹjọ́ ẹ̀tọ́, níbi tí gbogbo ẹrù ẹ̀rí ti wà lọ́rùn yín. Ẹ bá agbẹjọ́rò sọ ọ́ kí ẹ tó yàn, nítorí ẹni tó bá ti kọ́kọ́ gba ti ẹ̀tọ́ lọ kì í lè yí padà sí ti ọ̀daràn bó ṣe wù ú. Ẹni tí kò lówó lè béèrè fún assistance judiciaire, ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún owó ẹjọ́, pẹ̀lú ìwé tó fi hàn pé kò ní.

Faransé ni ilé ẹjọ́ ń sọ. Ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀, ẹ sì jẹ́ kó ka ohun tí wọ́n kọ lórúkọ yín padà sí yín létí kí ẹ tó fọwọ́ sí i. “Mo rí i tó ń fín nǹkan” àti “mo rí i tó ń fín oògùn yẹn” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà nínú ìwé ọlọ́pàá.

Bó bá jẹ́ pé ìjọba tàbí mairie (ìjọba ìbílẹ̀) ló mọ̀ tó sì dákẹ́, ilẹ̀kùn mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Abala 27 òfin ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó mọ́. Ọmọ ìlú lè kọ̀wé tààrà sí Cour constitutionnelle, ilé ẹjọ́ tó ń dáàbò bo òfin ìpìlẹ̀, lórí ìwé lásán, láìsan owó, láìní agbẹjọ́rò, bí orúkọ, àdírẹ́sì tó ṣe pàtó àti ìfọwọ́sí tàbí ìka rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀. Nínú ìdájọ́ DCC 02-052 ti ọdún 2002, ilé ẹjọ́ yẹn sọ pé ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú yẹ fún àtúnṣe. Kì í dá iye owó o: ìdájọ́ rẹ̀ lẹ máa gbé lọ sí tribunal láti béèrè owó.

Ìbéèrè tí expert gbọ́dọ̀ dáhùn

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń ṣubú tàbí dìde. Adájọ́ kì í ṣe dókítà, expert (onímọ̀) tó bá yàn ló máa tẹ̀ lé. Ẹ lè béèrè fún expert ní référé, ìyẹn ẹjọ́ kánjúkánjú, kí ẹjọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ẹ̀rí bá fẹ́ parẹ́. Ẹni tó béèrè ló sábà máa ń kọ́kọ́ san owó rẹ̀. Tí ẹ bá jàre, ẹgbẹ́ kejì á dá a padà.

Expert kì í kọjá ohun tí wọ́n bi í. Bí agbẹjọ́rò bá kàn kọ pé kó “yẹ aláìsàn wò”, á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní ara rẹ̀ ti yá, ó parí. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè náà lọ báyìí: Oògùn wo ló wà nínú ìgò tí wọ́n fi èdìdì sí, báwo ló sì ṣe ń ṣe ènìyàn? Ṣé ọ̀nà tí wọ́n gbà fín in lè gbé e dé ibi tí olùpẹjọ́ wà? Ṣé àmì tí dókítà kọ bá oògùn náà mu, ṣé àárín ìgbà tí wọ́n fín in àti ìgbà tí àmì yọ sì bá a mu? Àìsàn mìíràn wo ló lè fa irú àmì bẹ́ẹ̀, kí ló sì fi hàn pé òun kọ́? Kí ló ṣẹ́ kù lára, ó sì tó ìdá mélòó nínú 100? Ìkẹrin ni àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù láti béèrè. Ẹ béèrè rẹ̀, nítorí bí ẹ̀yin kò bá béèrè, ẹgbẹ́ kejì á béèrè ní ọjọ́ tí ẹ kò ní ìdáhùn lọ́wọ́.

    

Ṣíṣe ìṣirò

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ká ní ilé ìwòsàn gba 62.500 sẹ́fà, oògùn 38.000, ọkọ̀ lọ sí Párákú lẹ́ẹ̀mẹ́ta 27.000, alágbàṣe tó rọ́pò yín fún ọjọ́ 20 ní 2.500 lóòjọ́ jẹ́ 50.000, ewúrẹ́ méjì tó kú 60.000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 237.500, èyí sì ni ohun tí ìwé lè fi hàn. Zémìjàn kì í fúnni ní ìwé, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ lọ àti nọ́ńbà ọ̀kadà rẹ̀. Orí èyí ni ẹ máa fi ìrora, ẹ̀gbin àti ohun tó ṣẹ́ kù lára lé, tí adájọ́ máa wọ̀n fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá béèrè fún 50 mílíọ̀nù láìsí ìwé, ẹ ti ba ojú 237.500 tó ní ìwé jẹ́.

Bí ẹni tó kú bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìwé conseil de famille (ìpàdé ẹbí) gbọ́dọ̀ wà, tí tribunal ti fọwọ́ sí, tó sọ ẹni tó lè béèrè lórúkọ àwọn ọmọ. Ẹ ṣe é ní kùtùkùtù, kí ìjà ogún tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ kò bá wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fún yín, adájọ́ lè yọ díẹ̀ kúrò. Bí wọn kò bá fún yín rárá, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí sọ ọ́.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ oṣù ni ẹ ń ṣe

Òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí CNSS (àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìjàǹbá iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì), bí àwọn kan nínú oko ìrèké àti ilé iṣẹ́ òwú, kò kọ́kọ́ gba ilé ẹjọ́. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ sọ ìjàǹbá náà fún CNSS láàárín wákàtí 48. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ̀yin tàbí ẹbí yín lè sọ ọ́ fúnra yín láàárín ọdún méjì. Níbẹ̀, ẹ kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá ṣe àṣìṣe, ẹ kàn máa fi hàn pé ẹnu iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀gá kò bá kọ orúkọ yín, ọ̀dọ̀ inspection du travail, àwọn alábòójútó iṣẹ́ ti ìjọba, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nítorí ẹjọ́ iṣẹ́ kì í dé ilé ẹjọ́ láìkọ́kọ́ gba ibẹ̀. Ẹ mú ohunkóhun tó fi hàn pé ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ: owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù, fọ́tò, orúkọ àwọn tí ẹ jọ wà.

Tí ẹ bá jàre, ìdájọ́ kò gba owó fúnra rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní grosse lọ́wọ́ greffe (ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ẹjọ́), ẹ gbé e fún huissier kó fi jíṣẹ́ fún ẹni tó jẹ̀bi, kí ọjọ́ tí ó lè fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ ti wádìí ohun tí ó ní ṣáájú: owó òwú tó ń retí, ọkọ̀ akẹ́rù, ilé ìtajà. Àsìkò tí wọ́n bá ń san owó òwú ni huissier ti lè rí nǹkan mú.